Kọ̀ǹpútà Kì Í Kọ̀ Láti Dáhùn: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àfarawé Físíìsì, Bí A Ṣe Ń Mú Un Yára, Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ní ọdún 1941, onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Erik Holmberg, ní ìlú Lund lórílẹ̀-èdè Sweden, fẹ́ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí agbo ìràwọ̀ ńlá méjì bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀run. Kò sí ẹni tó lè dúró wò ó tán, nítorí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Kọ̀ǹpútà tó lè bá a ṣírò rẹ̀ kò sì sí nígbà náà. Ọgbọ́n tó dá ni pé ó kó gílóòbù iná 74 jọ, ó fi 37 ṣe agbo kan, ó fi 37 yòókù ṣe ìkejì. Ìdí tó fi yan iná ni pé bí a bá jìnnà sí iná ní ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń kàn wá á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí òòfà ìràwọ̀ náà ṣe ń dín kù gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, dípò kó máa ṣírò òòfà, ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n. Á fi ẹ̀rọ awọn-ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí gílóòbù kan wà, á wo iye ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ìhà kọ̀ọ̀kan wá, á fi ìyẹn mọ ibi tí ìràwọ̀ náà yẹ kó sún sí. Á sún gbogbo wọn díẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tí iṣẹ́ yìí já sí ni pé bí agbo méjèèjì bá súnmọ́ra tó, òòfà wọn á da ara wọn rú, agbára ìrìn wọn á sì dín kù débi pé wọn ò ní lè pínyà mọ́.

Ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní simulation lónìí, tí a ó máa pè ní àfarawé níhìn-ín, kò ju ìyẹn lọ: mọ ibi tí nǹkan wà, mọ ohun tó ń fà á, sún un díẹ̀, tún un ṣe. Kọ̀ǹpútà kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gílóòbù ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù kò lè ṣe ju bí ìṣẹ̀dá ṣe dá a lọ. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ kò mọ ìṣẹ̀dá rí. Bí ẹ bá fún un ní ìṣirò tó tọ́, á dáhùn; bí ẹ bá fún un ní èyí tó wọ́, á dáhùn bákan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn tó dùn ún wò. Gbogbo iṣẹ́ àfarawé, látorí kíkọ́ rẹ̀ dórí yíyẹ̀ ẹ́ wò, ni láti mọ èyí tó ti inú ayé wá nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn, àti èyí tó ti ọwọ́ àwa fúnra wa wá.

Ìṣísẹ̀ kan, àgbákò kan

Ohun mẹ́ta ni gbogbo àfarawé dúró lé. Èkíní ni ipò: ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà àti eré tó ń sá. Ìkejì ni òfin: ipá tó ń tì í tàbí tó ń fà á. Ìkẹta ni ìṣísẹ̀ àkókò: bí a ṣe máa fo síwájú tó kí a tó tún wo ipá náà. Ibi ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, ẹ sì lè fi bírò àti ìwé ṣàyẹ̀wò rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ jẹ́ ká mú òkúta kan tí a so mọ́ sípíríǹgì, tó ń lọ tó ń bọ̀. Ká fi x dúró fún bó ṣe jìnnà sí àárín, ká fi v dúró fún eré rẹ̀. Ká yan ìwọ̀n tó máa mú òfin rọrùn: bí òkúta bá wà ní x, ipá tó ń fà á padà jẹ́ iye x náà gan-an, ó kàn kọjú sí òdìkejì. A fa òkúta dé 1, a sì fi í sílẹ̀; x jẹ́ 1, v jẹ́ 0. Ìṣísẹ̀ àkókò wa jẹ́ 0.1.

Ọ̀nà tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni èyí tí wọ́n fi orúkọ Leonhard Euler pè: fi v tó wà nílẹ̀ sún x, fi x tó wà nílẹ̀ yí v padà, lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìṣísẹ̀ kìíní, x ṣì jẹ́ 1, v di −0.1. Ní ìkejì, x di 0.99, v di −0.2. Ní ìkẹta, x di 0.97, v di −0.299. Kò sí ohun tó jọ àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò agbára inú rẹ̀, ìyẹn x lọ́nà x, kí ẹ fi v lọ́nà v kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 1 ni. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kìíní ó di 1.01, lẹ́yìn ìkejì 1.0201, lẹ́yìn ìkẹta 1.030301. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló ń wọlé ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tó ti òkúta náà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: nígbà tí òkúta bá fi lọ tó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ìṣísẹ̀ 63, agbára ti di 1.87. Tó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti ju 500 lọ. Sípíríǹgì tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ti ń fò kọjá ògiri.

Ẹ wá yí ohun kan ṣoṣo padà. Ẹ kọ́kọ́ yí v, kí ẹ tó fi v tuntun náà sún x. Ìṣísẹ̀ kìíní: v di −0.1, x di 0.99. Ìkejì: v di −0.199, x di 0.9701. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe kò fi ìka kan lé sí ti àkọ́kọ́. Agbára inú rẹ̀ di 0.9901, lẹ́yìn náà 0.9807, á lọ sílẹ̀, á tún gòkè, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà sí 1 ju nǹkan bí 5 nínú 100 lọ, bó lọ bó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tàbí lẹ́ẹ̀mílíọ̀nù.

Ìdí rẹ̀ wà. Ọ̀nà kejì yìí kò pa agbára gan-an mọ́, àmọ́ ó ń pa ìbátan rẹ̀ mọ́ láìyẹ̀. Ẹ mú agbára tí ẹ ṣírò, kí ẹ yọ 0.1 lọ́nà x lọ́nà v kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kìíní, 1 géérégé ni ẹ máa rí. Lẹ́yìn ìkejì, 1 náà ni. Títí ayé, 1 ni. Nígbà tí ohun tó súnmọ́ agbára tó bẹ́ẹ̀ bá dúró lójú kan, agbára fúnra rẹ̀ kò níbi tó máa sá lọ.

Mọ̀lẹ́bí ọ̀nà kejì yìí ni èyí tí Loup Verlet, ará Faransé, lò ní 1967 fún àfarawé átọ́ọ̀mù, tó sì di ohun tí gbogbo ayé ń lò títí dòní. Kì í ṣe tuntun pátápátá. Isaac Newton ti lo irú ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Principia ní 1687, nígbà tó ń fi hàn pé ìlà tó so pílánẹ́ẹ̀tì mọ́ oòrùn ń gbá ààyè tó dọ́gba kọjá láàárín àkókò tó bá dọ́gba.

Átọ́ọ̀mù 864 nínú àpótí

Láti orí òkúta kan, ẹ jẹ́ ká lọ sórí ọ̀pọ̀. Ní 1964, Aneesur Rahman, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà, fi kọ̀ǹpútà CDC 3600 ṣe àfarawé argon olómi. Argon jẹ́ gáàsì tí kì í bá nǹkan mìíràn lò pọ̀, èyí ló jẹ́ kí òfin tó wà láàárín átọ́ọ̀mù rẹ̀ rọrùn. Òfin náà, tí wọ́n fi orúkọ John Lennard-Jones pè, sọ pé bí átọ́ọ̀mù méjì bá súnmọ́ra jù, wọ́n á ti ara wọn kíkankíkan. Bí wọ́n bá jìnnà síra díẹ̀, wọ́n á fa ara wọn. Bí wọ́n bá jìnnà jù, wọn ò ní mọ̀ pé àwọn jọ wà láyé.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bí ìṣísẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó. Ìlànà tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé ni pé kó kéré gan-an sí ìmì tó yára jù nínú nǹkan náà. Rahman lo ìdá kan nínú tírílíọ̀nù 100 ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá jẹ́ puròtéènì tó ní háídrójìn nínú ni, ìmì háídrójìn yára débi pé ìṣísẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tún kéré ju ìyẹn lọ ní bí ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ wo puròtéènì fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ìṣísẹ̀ bíi tírílíọ̀nù kan ló ń dúró dè é. Ohun tó sọ yíyára di ọ̀ràn ọ̀ranyàn nìyẹn.

Ìbéèrè kejì ni ògiri. Átọ́ọ̀mù 864 kò ju bíntín lọ; bí a bá kó wọn sínú àpótí tó ní ògiri, nǹkan bí ìdajì wọn ni ara wọn á kan ògiri, ohun tí a ń wò á wá di ìwà ògiri dípò ìwà omi argon. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí a má ṣe ògiri rárá. Átọ́ọ̀mù tó bá gba ọ̀tún jáde, òsì ló máa gbà wọlé, pẹ̀lú eré kan náà. Àpótí kọ̀ọ̀kan á wá dà bí ẹni pé ẹ̀dà ara rẹ̀ yí i ká níhà gbogbo. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kéré sí irọ́ ògiri. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ rántí pé kò sí ìgbì tó gùn ju àpótí náà lọ tó lè yọjú nínú rẹ̀.

Ọ̀nà míì tún wà tí a lè gbé àfarawé gbà, tí kò ní eré sísá nínú rárá. Ní 1953, Nicholas Metropolis, Arianna àti Marshall Rosenbluth, pẹ̀lú Augusta àti Edward Teller, gbé e jáde ní Los Alamos. Nǹkan róbótó 224 ni wọ́n fi dán an wò lórí kọ̀ǹpútà MANIAC. Arianna Rosenbluth ló kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ lé. Ẹ mú átọ́ọ̀mù kan, ẹ sún un síbi tó bá ṣèèṣì bọ́ sí. Bí agbára àpapọ̀ bá dín kù, ẹ gbà á. Bó bá pọ̀ sí i, ẹ ta tẹ́tẹ́ lé e: bí àlékún náà bá ṣe pọ̀ sí, tí nǹkan náà bá sì ṣe tutù sí, ni àǹfààní àtigbà á ṣe máa kéré sí. Bí ẹ bá ti ń ṣe é lọ, ipò kọ̀ọ̀kan á yọjú níye ìgbà tó yẹ kó yọjú ní ìwọ̀n ooru yẹn. Ọ̀nà yìí kò lè sọ bí nǹkan ṣe ń rìn fún yín, ṣùgbọ́n fún ìpíndọ́gba, ó ń ṣe bẹbẹ.

Iṣẹ́ tí a kò ṣe ló yára jù

Tí wọ́n bá ní àfarawé kan ń falẹ̀, ohun tó ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni kọ̀ǹpútà tó lágbára sí i. Ìyẹn ló yẹ kó kẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni kí a wọn ibi tí àkókò ń lọ, nítorí pé kì í sábà jẹ́ ibi tí a rò. Nínú àfarawé átọ́ọ̀mù, ṣíṣírò ipá ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan mú ibòmíràn yára, asán ló ṣe.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Nínú átọ́ọ̀mù 864, méjìméjì tí a lè so pọ̀ jẹ́ 372,816, a sì gbọ́dọ̀ wo gbogbo wọn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí átọ́ọ̀mù bá di mílíọ̀nù kan, méjìméjì náà á súnmọ́ bílíọ̀nù 500. Ṣùgbọ́n òfin Lennard-Jones ń tètè rẹ̀: bí átọ́ọ̀mù méjì bá jìnnà síra ní ìlọ́po 2.5 ìbú wọn, agbára tó so wọ́n pọ̀ kò tó 2 nínú 100 ibi tó ti pọ̀ jù. A lè gé e síbẹ̀, kí a sì fi ìṣirò kékeré kan dí àyè ohun tí a gé. Nínú omi argon Rahman, àwọn tó wà láàárín ìwọ̀n yẹn yí átọ́ọ̀mù kan ká kò ju bíi 53 lọ. Méjìméjì 372,816 á di nǹkan bí 23,000.

Àmọ́ báwo ni a ṣe máa mọ àwọn 53 náà láìjẹ́ pé a wọn gbogbo 863? Verlet dáhùn èyí náà ní 1967: kọ orúkọ àwọn aládùúgbò sílẹ̀. Ẹ kọ àwọn tó wà láàárín ìwọ̀n náà, kí ẹ sì kọ àwọn tó wà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí pé átọ́ọ̀mù kì í rìn jìnnà ní ìṣísẹ̀ kan, àkọsílẹ̀ náà á wúlò fún ìṣísẹ̀ púpọ̀ kó tó di pé a tún un kọ. Bí iye átọ́ọ̀mù bá wá pọ̀, ẹ pín àpótí sí yàrá kéékèèké. Kí oníkálùkù wá aládùúgbò nínú yàrá tirẹ̀ àti èyí tó fara kàn án nìkan.

Òòfà ìràwọ̀ kò gba irú gígé bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í rẹ̀ tán. Ìràwọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn ń fà, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀. Josh Barnes àti Piet Hut rí ojútùú ní 1986. Wọ́n pín ààyè sí àpótí mẹ́jọ, wọ́n tún pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ, títí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan fi dá wà nínú tirẹ̀. Bí àpótí kan bá jìnnà, tó sì kéré lójú ẹni tó ń wò ó, wọ́n á ka gbogbo ìràwọ̀ inú rẹ̀ sí ẹyọ kan tó wà ní àárín ìwúwo wọn. Bó bá súnmọ́, wọ́n á ṣí i wo inú rẹ̀. Bí iye ìràwọ̀ bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ìṣirò méjìméjì á di ìlọ́po 100, ṣùgbọ́n ti Barnes àti Hut kò ní fi púpọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ. Irú ọ̀nà yìí, pẹ̀lú òmíràn tó ń bójú tó òòfà ọ̀nà jíjìn, ni Volker Springel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe àfarawé Millennium tí wọ́n gbé jáde ní 2005, ní Garching ní Jámánì: ohun tó lé ní bílíọ̀nù 10, lórí prósẹ́sọ̀ 512, fún nǹkan bí ọjọ́ 28.

Lẹ́yìn tí a bá ti gé iṣẹ́ tí kò pọn dandan, ìgbà náà ni ó tó kàn kí a pín èyí tó kù. Pínpín náà ní ààlà tirẹ̀, tí Gene Amdahl là sílẹ̀ ní 1967. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàárì: ogún èèyàn lè jókòó bó ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ agbada kan ṣoṣo ló wà fún yíyan, ibi agbada ni gbogbo wọn máa dúró sí. Bí 5 nínú 100 iṣẹ́ kan bá jẹ́ èyí tí kò ṣeé pín, prósẹ́sọ̀ ẹgbẹ̀rún kan kò lè mú un yára tó ìlọ́po 20. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń lo àkókò lórí agbada ju orí àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

Káàdì tí wọ́n ṣe fún géèmù fídíò ti di ohun èlò pàtàkì nídìí iṣẹ́ yìí, pàápàá látìgbà tí ilé iṣẹ́ NVIDIA gbé CUDA jáde ní 2007, tó jẹ́ kó rọrùn láti fi káàdì náà ṣe ìṣirò mìíràn. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ipá átọ́ọ̀mù sì ń fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n eré tó dára jù lọ lórí ọ̀pọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀ máa ń wá pẹ̀lú nọ́ńbà kúkúrú, tí kò mú ju bí ẹyọ 7 lọ, dípò nọ́ńbà gígùn tó ń mú bí ẹyọ 16. Ẹ ní kí nọ́ńbà kúkúrú náà fi 1 kún 16,777,216. 16,777,216 náà ló máa dá padà. Ẹyọ 1 ti sọnù, kò sì ní ké. Ẹni tó bá ń ro nǹkan kékeré pọ̀ mọ́ àpapọ̀ ńlá fún bílíọ̀nù ìgbà gbọ́dọ̀ fura. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi nọ́ńbà kúkúrú ṣírò ipá, wọ́n á fi gígùn kó àpapọ̀ jọ.

Bíbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ

Àfarawé tó yára tó sì ń purọ́ kàn ń tètè purọ́ ni. Kí a tó gba èsì kankan gbọ́, àwọn ìdánwò kan wà tí kò wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ fún un ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀: ìràwọ̀ méjì péré tó ń yí ara wọn ká, tàbí sípíríǹgì kan. Bí kò bá mọ èyí, kò lè mọ ti mílíọ̀nù. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ṣọ́ ohun tí ìṣẹ̀dá kì í jẹ́ kó yí padà: agbára àpapọ̀, àti àpapọ̀ ìrìn gbogbo wọn. Ẹ ti rí i lára sípíríǹgì bí agbára ṣe tú àṣírí ọ̀nà Euler nígbà tí x àti v ṣì jọ ohun tó dára.

Ìdánwò kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gé ìṣísẹ̀ àkókò sí ìdajì, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọ̀nà Verlet ṣèlérí pé àṣìṣe á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ìdajì péré ló dín kù sí, ìlérí náà ti yẹ̀, àṣìṣe kan sì fara pa mọ́ síbì kan nínú ohun tí ẹ kọ, bí gbogbo àwòrán rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ìdánwò kẹrin tún wà fún Verlet: ẹ dá a dúró, ẹ yí eré gbogbo átọ́ọ̀mù sẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ó yẹ kó gba ọ̀nà tó bá wá padà sílé, ó kéré tán fún ìgbà díẹ̀, títí gígékúrú nọ́ńbà á fi dà á rú.

Kíka èsì

Ká ní ó yege nínú gbogbo èyí. Nọ́ńbà ti wá pọ̀ nílẹ̀, a sì fẹ́ mọ ìwọ̀n ooru, tàbí bí átọ́ọ̀mù ṣe ń tàn kálẹ̀. Ibi méjì ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. A sábà máa ń to átọ́ọ̀mù lẹ́sẹẹsẹ nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó rọrùn. Omi kì í tò lẹ́sẹẹsẹ. Títí tó fi máa gbàgbé bí a ṣe tò ó, ohun tó ń sọ jẹ́ nípa wa, kì í ṣe nípa omi. Apá yẹn, ẹ dà á nù.

Ìkejì jinlẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá ní ìwọ̀n 10,000 tí kò sí èyí tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu ìkejì, àìdánilójú ìpíndọ́gba wọn á jẹ́ ìdá kan nínú 100 bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe ń fò sókè sódò. Ṣùgbọ́n nínú àfarawé, ohun tó wà níbí ní ìṣísẹ̀ yìí kò tíì kúrò níbẹ̀ ní ìṣísẹ̀ tó kàn. Bí ó bá ń gba ìṣísẹ̀ 100 kí nǹkan tó di tuntun, ìwọ̀n 10,000 yẹn kò ju 100 lọ ní tòótọ́, àìdánilójú náà sì jẹ́ ìdá kan nínú 10. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ẹni tí kò mọ̀ fi tan ara rẹ̀ jẹ. Bí a ṣe ń yẹra fún un ni pé ká pín ìwọ̀n sí agbo, ká mú ìpíndọ́gba agbo kọ̀ọ̀kan, ká wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra. Ẹ máa mú agbo tóbi sí i títí àìdánilójú náà kò fi ní dàgbà mọ́. Ibi tó bá dúró sí ni òótọ́ rẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tí kò sí ìdánwò tó lè wò ó sàn. Ní 1961, Edward Lorenz ń ṣe àfarawé ojú ọjọ́ ní MIT. Ó fẹ́ tún apá kan wò, ó sì tẹ 0.506 wọlé dípò 0.506127 tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí ojú ọjọ́ kejì kò fi jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá. Ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ìṣẹ̀dá rí bẹ́ẹ̀, átọ́ọ̀mù omi náà wà lára wọn: ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan ń di ńlá láàárín ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó yẹ kó gba ọ̀nà tí átọ́ọ̀mù kan pàtó rìn gbọ́. Ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ wọn ni ká gbà gbọ́.

Ibi tí ìpíndọ́gba kò bá sì sí, a lè sọ àfarawé kan di púpọ̀. Jacques Laskar àti Mickaël Gastineau ní Paris ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2009. Wọ́n ṣe àfarawé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wa lọ́nà 2,501, fún ọdún bílíọ̀nù 5, ipò Mercury nínú ọ̀kan kò sì fi mítà kan yàtọ̀ sí ti èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú nǹkan bí 1 nínú 100 wọn, ọ̀nà Mercury fẹ̀ lọ gbọọrọ débi tí ó fi lè kọlu Venus tàbí kó kó sínú oòrùn. Kò sí ọ̀kan nínú 2,501 náà tó jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn lápapọ̀ ló sọ nǹkan kan.

Nígbà tí èsì bá ṣàjèjì

Kí la ó wá ṣe bí àfarawé bá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí? Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù wá láti Los Alamos, lórí MANIAC kan náà. Enrico Fermi, John Pasta, Stanislaw Ulam àti Mary Tsingou ṣe àfarawé okùn kan tó jẹ́ kìkì ojú kókó tí sípíríǹgì so pọ̀, àmọ́ sípíríǹgì wọn kò tọ́ géérégé: bí a bá fà á ní ìlọ́po méjì, ipá rẹ̀ kì í dọ́gba pẹ̀lú ìlọ́po méjì gan-an. Tsingou ló kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àwọn mẹ́ta yòókù nìkan ni wọ́n fi pe ìṣòro náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n mú okùn náà mì ní ọ̀nà kan ṣoṣo, wọ́n sì retí pé agbára rẹ̀ á pín káàkiri gbogbo ọ̀nà tí okùn lè gbà mì, bí ooru ṣe ń tàn kálẹ̀.

Kò tàn kálẹ̀. Ó bọ́ sí ọ̀nà mélòó kan, ó tún kó ara rẹ̀ jọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà tán sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Fermi kú ní November 1954. Ìròyìn iṣẹ́ náà jáde ní 1955.

Irú èsì bẹ́ẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń pè ní àṣìṣe, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bóyá agbára ń jò, bí ti Euler. Bóyá ìṣísẹ̀ ti tóbi jù. Bóyá kókó inú okùn kò pọ̀ tó. Ìdánwò tí a ti kà sílẹ̀ lókè yìí ló ń yanjú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn tún un ṣe, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mìíràn, pẹ̀lú ọ̀nà ìṣísẹ̀ mìíràn, èsì náà kò yẹ̀. Ní 1965, Norman Zabusky àti Martin Kruskal fi hàn pé irú okùn bẹ́ẹ̀ ń bí ìgbì tó ń dá rìn, tó ń la ara rẹ̀ kọjá láì fọ́. Soliton ni wọ́n pè é. Ẹ̀ka físíìsì tuntun kan jáde látinú nọ́ńbà tí ì bá rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti dà nù. Ẹni tí kò yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ bà jẹ́ àti ohun tí ìṣẹ̀dá ń fi hàn án. Àwọn méjèèjì á máa jọ ara wọn lójú rẹ̀.